Ẹ̀bẹ̀ Tí Mo Bẹ̀ ní Téṣàn

Òwu, Abẹ́òkúta
Ọjọ́ kejìlá oṣù kìíní, ọdún 2025

Mọ̀nsúrát Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé òtútù Leeds kò tíì gbé ọ mì? Àwa níbí, ọyẹ́ ń jà wá, ètè mi ti bó, ṣùgbọ́n aṣọ tí mo bá sá sórí okùn kì í pẹ́ gbẹ, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Má yanu pé ìwé ni mo kọ. Láti ọjọ́ tí o ti pa fóònù mọ́ mi létí ni mo ti pinnu pé n kò ní bá ọ sọ̀rọ̀ ẹjọ́ yìí lórí fóònù mọ́. Ìwé kì í pariwo mọ́ àgbà. N ó kọ ọ́, n ó yà á ní fọ́tò, n ó fi ránṣẹ́ sórí Wasáàpù rẹ. Bí o bá fẹ́ dáhùn, bẹ́ẹ̀ náà ni kí o ṣe. Fóònù wà fún ẹ káàárọ̀ àti ẹ káalẹ́ nìkan láàárín èmi àti ìwọ.

Mo mọ ohun tó bí ọ nínú. O bi mí pé, “Màmá, ṣé Muideen mọ̀ pé igbó ló wà nínú àpò yẹn àbí kò mọ̀?” Mo ní, “Ọlọ́run ló mọ̀.” Kí ló wá burú níbẹ̀? Ṣé èmi ni mo wa ọkọ̀ ni? Ìdí aró mi ni mo wà ní Ìtòkú. Ohun tí gbogbo ayé mọ̀ ni èmi náà mọ̀: pé àbúrò rẹ kó èrò àti ẹrù ní Papalanto, pé ọlọ́pàá dá ọkọ̀ rẹ̀ dúró, pé wọ́n tú àpò ìrẹsì Ọ̀fàdà kan, wọ́n bá igbó lábẹ́ ìrẹsì. Èrò tó ni àpò fẹsẹ̀ fẹ́ẹ, ẹni tó ni ọkọ̀ ni wọ́n mú. Adájọ́ ní kó lọ fẹ̀wọ̀n ọdún méje jura. Yàtọ̀ sí ìyẹn, kí lo fẹ́ kí n sọ?

Lọ́yà tuntun tí o bá wa wá ti dé ilé. Adébímpé, ọmọ dáadáa ni, ó kúnlẹ̀ kí mi kí ó tó jókòó. Ó ní òun ti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sí Ìbàdàn. Ó bi mí ní ìbéèrè kan tí kò yé mi: kí ni mo sọ ní téṣàn lọ́jọ́ tí wọ́n mú Muideen? Mo ní mo kí wọn ni. Ó wò mí, ó kàn ń mu omi rẹ̀.

Muideen ti rù. Mo gbé mọ́ínmọ́ín lọ fún un lọ́gbà ẹ̀wọ̀n lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n ní kí n kọ́kọ́ tọ́ ọ wò kí wọ́n tó gbà á. Èmi, kí n fi májèlé sóúnjẹ ọmọ mi! Mo jẹ ẹ́ lójú wọn, mo tún bu kejì.

Bá mi wá ìpara orúnkún. Orúnkún yìí ń dà mí láàmú.

Èmi ni ìyá rẹ tí o pa fóònù mọ́ létí,
Rodiat


Leeds
Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù kìíní, 2025

Màmá mi,

Ẹ kú ọyẹ́, ẹ kú iṣẹ́ aró, ẹ kú ìrìn ọgbà ẹ̀wọ̀n. Mo fi ìpara orúnkún rán Miriam tí a jọ ń ṣiṣẹ́, ó ń bọ̀ wálé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Fóònù tí mo pa, kò yẹ kí n ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ má bínú.

Ṣùgbọ́n n kò ní kọ “mo wà lórí ìkúnlẹ̀” sínú ìwé yìí bí ẹ ti kọ́ wa láti kékeré. Ọ̀rọ̀ ìkúnlẹ̀ ti sú mi.

Lọ́yà Adébímpé pè mí. Ó ka ẹ̀rí tí ọlọ́pàá tó mú Muideen jẹ́ ní kóòtù fún mi. Ìnsípẹ́kítọ̀ Ọláìtán ni orúkọ rẹ̀. Ó ní: “Ìyá rẹ̀ wá sí téṣàn. Ó kúnlẹ̀, ó ní kí a dárí ji ọmọ òun, pé kò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Ọmọ náà sì dọ̀bálẹ̀, ó ní ká má bínú.” Lọ́yà wa àkọ́kọ́ jókòó síbẹ̀ bí ẹní lọ wòran, kò ta kò ó. Adájọ́ gba ọ̀rọ̀ náà wọlé. Ó kọ ọ́ sínú ìdájọ́ rẹ̀ pé kò sí ìyá tí yóò tọrọ àforíjì fún ohun tí ọmọ rẹ̀ kò ṣe.

Màmá, gbogbo ẹ̀rí tí wọ́n ní pé Muideen mọ ohun tó wà nínú àpò kò jù yẹn lọ! Wọn kò bá igbó lára rẹ̀. Kò sí ẹni tó rí i kó di àpò náà. Ẹnu yín ni wọ́n fi so ó mọ́lẹ̀. “Mo kí wọn ni,” lẹ sọ fún lọ́yà. Ṣé ìkíni nìyẹn?

Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún mi? Kí ló dé tí ẹ sọ pé kò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́? Ta ló sọ fún yín pé ó ti ṣe é rí?

Ọmọ yín,
Mọ̀nsúrát


Òwu, Abẹ́òkúta
Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kejì, 2025

Mọ̀nsúrát,

Mo rí ìwé rẹ. Mo kà á, mo jókòó, mo tún un kà. Ìwọ lo kọ èyí sí èmi? Ó dáa.

Jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí fún ọ, nítorí o kò sí níbẹ̀. Tàófíìkì, awakọ̀ ẹgbẹ́ Muideen, ló sáré wá bá mi lọ́jà. Ó ní, “Ìyá, wọ́n ti mú Muideen o.” Ọwọ́ mi wà nínú aró dé ìgúnpá. Mi ò ṣan ọwọ́, mi ò wọ bàtà tó bára mu. Nígbà tí mo dé téṣàn, ọmọ mi ló jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ yẹn, wọ́n ti bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì lára rẹ̀, ẹnu rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀. Ọlọ́pàá mẹ́rin dúró lé e lórí. Kí lo fẹ́ kí n ṣe? Kí n fa àga, kí n jókòó, kí n ní “ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣèwádìí”?

Mo kúnlẹ̀ o! Ọwọ́ mi tó kún fún aró ni mo fi di ṣòkòtò ọ̀gá wọn mú. Mo ní kó ṣàánú mi, mo ní ọmọdé ni, mo ní kò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Mo ní kí Muideen dọ̀bálẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀. Kí ni òbí ń sọ tó yàtọ̀ sí ìyẹn? Ẹ̀bẹ̀ là ń bẹ òṣìkà kó tú ìlú ṣe. Wọn ò sì lù ú mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Ìwọ pe ìyẹn ní ẹ̀rí, èmi pè é ní orí ọmọ mi tí wọn ò fọ́.

Bí o bá ti gbàgbé, n ó rán ọ létí. Nígbà tí o wà ní fọ́ọ̀mù kẹta, tí ọ̀gá ilé-ìwé yín ní o jí aago tíṣà, ta ló lọ kúnlẹ̀ ní ọ́fíìsì rẹ̀? Ṣé mo kọ́kọ́ bi ọ́ pé o jí i àbí o kò jí i? Mo bẹ̀bẹ̀, wọn ò sì lé ọ. Ìwé tí o kà níbẹ̀ lo fi dé Leeds, tí o fi ń bi mí ní ìbéèrè bí adájọ́.

Nígbà tí Adébímpé tún wá, mo sọ fún un pé mo bẹ̀bẹ̀. Ó ní òun ti mọ̀. Mo ní nígbà tí o ti mọ̀, kí lo wá ń bi mí fún? Ó rẹ́rìn-ín. Ojú rẹ̀ le, ọmọ yẹn.

Miriam gbé ìpara dé. O ṣeun. Ó ta bí ata.

Ìyá rẹ ni


Leeds
Ogúnjọ́ oṣù kejì, 2025

Màmá,

Ẹ kú ọjà o. N kò ní bá yín jà nínú èyí, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ̀rọ̀.

Wọn ò lé mi, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ ò mọ bí mo ṣe lo ọdún mẹ́ta tó kù níbẹ̀. Láti ọjọ́ tí ẹ ti kúnlẹ̀ ní ọ́fíìsì yẹn, olè ni wọ́n ń pè mí. Bí kálámù bá sọnù, àpò tèmi ni wọ́n ń kọ́kọ́ tú. “Ìyá rẹ̀ ti bẹ̀bẹ̀, òun ló jí i.” Tíṣà rí aago rẹ̀ nílé ara rẹ̀ lẹ́yìn ìsinmi, kò sẹ́ni tó pe ìpàdé láti sọ ìyẹn. Èyí tó dùn mí jù ni pé nígbà tí a dé ilé lọ́jọ́ náà, ẹ bu oúnjẹ fún mi, ẹ ní kí n má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹ ò bi mí, Màmá. Títí di òní yìí, ẹ ò tíì bi mí.

Muideen náà ńkọ́? Ó ti lé lọ́dún kan tí ẹ ti ń gbé mọ́ínmọ́ín lọ. Ṣé ẹ ti bi í? Àbí ẹ̀rù ohun tó máa sọ ló ń bà yín?

Ọ̀rọ̀ ẹjọ́ nìyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dáadáa. Lọ́yà ní ohun tí a gbé lọ Ìbàdàn kò pọ̀. A ń sọ pé kò yẹ kí adájọ́ gba ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá yẹn wọlé. Wọn ò pe ẹ̀yin fúnra yín sí kóòtù kí wọ́n bi yín ohun tí ẹ ní lọ́kàn. Ohun tí ọlọ́pàá ní òun gbọ́ lẹ́nu yín ni wọ́n lò, wọ́n sì fi de Muideen tí kò sọ ọ́. Bí a kò tilẹ̀ ta kò ó nígbà náà, ẹ̀rí tí òfin kò gbà, a ṣì lè ta kò ó. Tí wọ́n bá yọ ọ̀rọ̀ yẹn kúrò, kò sí nǹkan tó kù tí wọ́n fi lè dá a lẹ́bi.

Nítorí náà, ẹ má lọ bẹ ẹnikẹ́ni mọ́. Ì báà ṣe ọlọ́pàá, ì báà ṣe akọ̀wé kóòtù. Tótó ó ṣe bí òwe o: ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Mọ̀nsúrát


Òwu, Abẹ́òkúta
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹta, 2025

Mọ̀nsúrát,

Ààwẹ̀ ń gbẹ wá lọ́fun, àmọ́ a ń fara dà á. O wá pòwe fún mi. O káre, wà á rí òmíràn pa.

Ọ̀rọ̀ aago yẹn, mi ò mọ̀ pé wọ́n ṣe ọ́ bẹ́ẹ̀. O ò sọ fún mi. Jẹ́ ká fi sílẹ̀ ná.

Muideen, mi ò tíì bi í. Ibi tí wọ́n ti ń bára wọn sọ̀rọ̀ ní ọgbà ẹ̀wọ̀n yẹn, wọ́dà wà lọ́tùn-ún, wọ́dà wà lósì. Ṣé ibẹ̀ ni kí n ti máa bi ọmọ mi pé ṣé igbó lo gbé? Ó máa ń wò mí bí ẹni tó ń retí nǹkan. Mo rò pé ẹran ló ń retí.

Mo ti wá gbọ́ nǹkan kan. Ìnsípẹ́kítọ̀ Ọláìtán tó jẹ́rìí yẹn, ọmọ Ọ̀fàdà ni. Ìyá rẹ̀ wà láyé, ilé ìyá rẹ̀ ló ti máa ń ṣe ọdún. Mùsùlùmí bíi tiwa ni wọ́n. Bí a bá ti túnu, n ó wọ ọkọ̀ lọ síbẹ̀. N ó di àdìrẹ méjì dání fún ìyá rẹ̀, èyí tí mo fúnra mi ya. N ó bá a sọ ọ́ ní ìyá sí ìyá, kó bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀, kó lọ sọ ní Ìbàdàn pé ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹjọ́. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Adébímpé ń sọ òfin. Òfin dára. Ṣùgbọ́n èèyàn ló ń ṣe òfin, èèyàn la sì ń bẹ̀. Má dá mi lẹ́kun.

Ìyá rẹ


Leeds
Ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹta, 2025

Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ!

Ẹlẹ́rìí ni ọkùnrin yẹn. Ẹ̀bùn tí ẹ bá gbé wọ ilé rẹ̀, àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ni wọn ó pè é. Wọ́n lè mú ẹ̀yin náà. Àwọn agbẹjọ́rò ìjọba á dìde ní Ìbàdàn, wọ́n á ní, “Ẹ wò ó, ìyá kan náà ló tún lọ bẹ̀bẹ̀, bí ọmọ rẹ̀ kò bá jẹ̀bi, kí ló ń wá kiri?” Ibi tí a ti ń tú okùn náà lẹ tún fẹ́ lọ so ó le.

Ẹ fèsì kí ọkàn mi lè balẹ̀. Kódà bó jẹ́ “mo ti gbọ́” nìkan.

Mọ̀nsúrát


Leeds
Ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹrin, 2025

Màmá,

Ẹ kú ọdún. Ẹ ò fèsì. Mo pè, ó dún títí, ẹ ò gbé e. Wasáàpù ní ẹ ti rí ìwé mi.

Lọ́yà Adébímpé lọ sí Ìtòkú, wọ́n ní ẹ ò wá sọ́jà. Ó bi Tàófíìkì, Tàófíìkì ní òun rí yín ní gáréèjì lẹ́yìn ọdún, ẹ di ẹrù dání, ẹ sì ní kí òun má bá yín sọ̀rọ̀. Lọ́yà fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún lórí fóònù. Ó ní bí ẹ bá ti lọ, kí n sọ fún òun kí òun mọ ohun tí òun máa sọ níwájú àwọn adájọ́.

Mi ò mọ ohun tí n ó sọ fún un. N kò lè sùn, n kò lè jẹun. Àwọn arúgbó tí mò ń tọ́jú níbí ń bi mí pé kí ló ṣe mí. Bí ẹ bá ń bínú sí mi, ẹ bínú, ṣùgbọ́n ẹ fèsì.

Mọ̀nsúrát


Òwu, Abẹ́òkúta
Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹrin, 2025

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Mo rí gbogbo ìwé rẹ. Mo dákẹ́ ni. Ojú ló ń tì mí, ojú kì í sì í tì mí bọ̀rọ̀, o mọ̀ mí.

Mo lọ. Jẹ́ kí n sọ ọ́ tán kí o tó pariwo.

Nígbà tí mo dé Ọ̀fàdà, wọ́n júwe ilé fún mi. Ìyá arúgbó kan ló jókòó lójúde, ó ń fẹ́ ìrẹsì nínú atẹ. Ọmọ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó wọ síńgílẹ́ẹ̀tì, ó ń kan ẹsẹ̀ àga kan tó yẹ̀. Mo dá a mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Mo ní, “Ìnsípẹ́kítọ̀, èmi ni ìyá Muideen.” Òòlù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, “Màmá, kí lẹ wá ṣe níbí? Ẹjọ́ wà ní kóòtù.” Ohùn rẹ̀ le.

Mo fẹ́ kúnlẹ̀. O mọ orúnkún mi, mo kọ́kọ́ di ògiri mú. Mi ò tíì débi kan nígbà tí mo rí ìyá yẹn tó ju atẹ sílẹ̀, ìrẹsì fọ́n ká, tí ó sáré wá kúnlẹ̀ síwájú mi. Ìyá tó ju èmi lọ! Ó di ìró mi mú, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ìyá wa, ẹ bá mi forí jì í. Ọmọ mi ni. Kò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́.”

Ọláìtán pariwo, “Màmá, ẹ dìde! Mi ò ṣe nǹkan kan!”

Ó ní, “Dákẹ́! Dọ̀bálẹ̀, kí o bẹ àgbà!”

Mọ̀nsúrát, ó dọ̀bálẹ̀. Àyà rẹ̀ kan ilẹ̀ nínú ìrẹsì yẹn. Ó ní, “Ẹ má bínú, mà.”

Ara mi tutù. Nítorí pé nǹkan kan wà tí n kò kọ sí ọ nígbà tí mo sọ̀rọ̀ téṣàn. Nígbà tí mo ní kí Muideen dọ̀bálẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó kọ́kọ́ wò mí, ó ní, “Màmá, mi ò ṣe nǹkan kan.” Bí Ọláìtán ṣe sọ ọ́ gan-an ló ṣe sọ ọ́. Èmi náà ní kó dákẹ́.

Mo fa ìyá náà dìde. Mo ní, “Ìyá, kí ni ọmọ yín ṣe?” Ó ní, “Mi ò mọ̀ o. Ẹ ṣáà dárí jì í.”

Mi ò sọ ọ̀rọ̀ kan tí mo bá wá mọ́. Mo bá a ṣa ìrẹsì, mo gbé àdìrẹ mi, mo ní mo fẹ́ máa lọ. Nítorí náà, sọ fún Adébímpé pé mi ò fún ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan, mi ò sì bẹ ẹnikẹ́ni. Àwọn ló bẹ̀ mí.

Ọláìtán sìn mí dé títì. Ó wá ní, “Màmá, ohun tí mo rí ni mo sọ ní kóòtù.” Mo ní, “Òótọ́ ni, ọmọ mi. Bí èmi náà bá lọ sọ ohun tí mo rí lónìí ní kóòtù, ẹ̀wọ̀n ọdún mélòó ni wọn ó fún ọ?” Ó dá ọkọ̀ dúró fún mi, ó di ilẹ̀kùn rẹ̀ mú títí mo fi wọlé.

Ọgbà ẹ̀wọ̀n ni mo gbà lọ ní ọjọ́ kejì, mi ò gbé oúnjẹ. Wọ́dà wà níbẹ̀, mi ò wò wọ́n. Mo ní, “Muideen, ṣé o mọ̀ pé igbó wà nínú àpò yẹn?” Ó wò mí títí. Ó ní, “Mi ò mọ̀, Màmá. Èrò ní ìrẹsì ni, mo gbà á gbọ́.” Ojú rẹ̀ wá pọ́n. Ó ní, “Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń bi mí?” Ó dìde, ó wọlé lọ, àkókò wa kò tíì pé. Láti ìgbà náà, bí mo bá lọ, wọ́n á ní kò fẹ́ rí ẹnì kankan. Oúnjẹ nìkan ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ mi.

Ìdí nìyẹn tí mo fi dákẹ́. Kí ni n bá kọ?

Ìwọ náà ńkọ́, Mọ̀nsúrát? Ṣé ìwọ lo jí aago yẹn?

Ìyá rẹ


Leeds
Ọjọ́ kẹrin oṣù karùn-ún, 2025

Ìyá mi,

Mo wà lórí ìkúnlẹ̀ bí mo ti ń kọ èyí. Lóòótọ́ ni, lórí kápẹ́ẹ̀tì yàrá mi.

Èmi kọ́, Màmá. Èmi kọ́ ni mo jí aago. Ẹ ṣé tí ẹ béèrè.

Mo ti sọ gbogbo rẹ̀ fún lọ́yà. Ó kọ́kọ́ pariwo, ó ní orí ló kó yín yọ. Ó wá rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Ó ní kí ẹ má sọ ọ́ fún ẹlòmíràn títí ẹjọ́ yóò fi parí, kí ẹ má sì tún sún mọ́ ọ̀nà Ọ̀fàdà, bó tilẹ̀ jẹ́ ìrẹsì lẹ fẹ́ rà.

Ní ti Muideen, ẹ máa lọ. Bí kò bá jáde, ẹ jókòó. Èmi náà bínú sí yín fún ogún ọdún ó lé, ẹ ò tiẹ̀ mọ̀. Tiẹ̀ tún sàn, ó sọ ọ́ lójú yín.

Ọmọ yín,
Mọ̀nsúrát


Òwu, Abẹ́òkúta
Ọjọ́ kẹtàlá oṣù keje, 2025

Àbẹ̀kẹ́,

Ṣé ara le? Òjò ń da aró wa láàmú, kò sí oòrùn tí a ó fi sá aṣọ.

Wọ́n gbọ́ ẹjọ́ náà ní Ìbàdàn. Adájọ́ mẹ́ta. Adébímpé sọ̀rọ̀, kò gbọ̀n. Agbẹjọ́rò ìjọba ní ẹ̀bẹ̀ tí a bẹ̀ ti fi hàn pé a mọ̀dí ọ̀rọ̀. Adájọ́ kan, obìnrin ni, bi í pé, “Ṣé ìyá náà wà nínú ọkọ̀ ni?” Agbẹjọ́rò náà ń ṣí ìwé rẹ̀ kiri. Wọ́n ní ká lọ, wọ́n á pè wá fún ìdájọ́. Wọn ò sọ ìgbà.

Mò ń lọ bá Muideen, mò ń jókòó lábẹ́ igi tó wà níwájú ọgbà. Kò tíì jáde. Àwọn wọ́dà ti ń bá mi ra àdìrẹ.

Bí wọ́n bá sọ pé rárá ní Ìbàdàn, Mọ̀nsúrát, ọrùn tèmi ni ẹ̀wọ̀n yẹn wà. Mo mọ̀ ọ́n, má bá mi jiyàn.

Ìyá rẹ


Òwu, Abẹ́òkúta
Ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kẹwàá, 2025

Mọ̀nsúrát Àbẹ̀kẹ́ mi,

Alhamdulillahi! O ti gbọ́ lẹ́nu Adébímpé, mo mọ̀, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ ọ́. Wọ́n ti dá a sílẹ̀! Adájọ́ obìnrin yẹn ló kà á. Ó ní kò yẹ kí kóòtù ìsàlẹ̀ gba ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá nípa ìyá tí ẹnikẹ́ni kò pè wá jẹ́rìí. Ó ní ní ilẹ̀ Yorùbá, ìyá lè kúnlẹ̀ kó tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ìyẹn kò sọ ọmọ rẹ̀ di ọ̀daràn. Ó ní tí a bá yọ ìyẹn kúrò, kò sí ohun tó fi hàn pé Muideen mọ ohun tó wà nínú àpò. Mo pariwo ní kóòtù. Akọ̀wé ní kí n dákẹ́, mo ní mi ò dákẹ́, ó tó gẹ́ẹ́.

Tàófíìkì ló lọ gbé e wálé. Adúgbò kún bámú. Bàbá Olújìmí, onílé iwájú wa, na ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni tó ń retí ìdọ̀bálẹ̀. Muideen nà ró gbọnran, ó ní, “Ẹ káàsán, sà.” Kò tẹ̀. Kò tẹ̀ fún ẹnì kankan nínú wọn, bẹ́ẹ̀ ni kò tẹ̀ fún èmi náà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kùn pé ẹ̀wọ̀n ti bà á jẹ́. Mo ní kí oníkálukú máa lọ sílé rẹ̀, mo ní ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, mo ti ilẹ̀kùn.

Ó jókòó sórí àga bàbá rẹ̀. Mo bu omi fún un, ó mu ún. Kò wò mí.

Mo di apá àga mú, mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Ìpara rẹ kò ṣiṣẹ́ kankan, orúnkún yẹn ké bí ilẹ̀kùn. Muideen fò dìde. Ó ní, “Màmá, kí lẹ tún ń ṣe? Ẹ dìde! Ẹ̀bẹ̀ kí lẹ tún ń bẹ̀? Kí lẹ ṣe?”

Mo ní, “Lọ́tẹ̀ yìí, Muideen, mo mọ ohun tí mo ṣe.”

Kò fà mí dìde. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó gbé orí lé mi léjìká, a sì jọ sunkún.

Pè wá lónìí. Òun ni yóò gbé fóònù náà.

Ìyá rẹ,
Rodiat